Ara Wa Náà Ní Ẹ̀tọ́ Lórí Wa



 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Sabon Gari àti ní gbogbo àdúgbò Kano tí ọmọ Yorùbá ń gbé,

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sàká, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù ẹgbẹ́ tí a jẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Kí ló kan Àáfà nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ? Ṣé kò ní jẹ́ kí àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ wọn ni?" Ẹ ní sùúrù. Ẹ ó rí ohun tí ó fà á.

Nínú àwẹ̀ Rọ̀mọ̀dáànù tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wa, oníṣòwò tí gbogbo wa mọ̀ sí ẹni rere, gba àwẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí dókítà ti sọ fún un pé ó ní àrùn àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ ni ó sì ń gbà sí i. Kí oṣù tó lé, dókítà kìlọ̀ fún un pé kí ó má gbààwẹ̀. Kò gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta àwẹ̀, lẹ́yìn tàfúsírì, ó sọ ọ́ létí gbogbo àwa tí a jókòó pé dókítà ní kí òun má gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ti Ọlọ́hun ni òun yóò ṣe. A kígbe, "Allahu Akbar!" A ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ lágbára. Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, ohùn tiwa náà sì wà nínú ohùn tí ó yìn ín.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ó ṣubú lulẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àílà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ó lò ní ọsibítù. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, alihamudulilahi, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tíì padà sí bí ó ti wà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó yẹ kí ó wà ní ilé ìwé ni ó ń bá a jókòó ti ọjà.

Nígbà tí a lọ kí i, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé àga fún wa, ó sì sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú sí mi o, Àáfà. Bàbá àwọn ọmọ kì í kọ ọ̀rọ̀ yín. Ká ní ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà pé Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn ni, ì bá gbọ́."

A kò rí èsì fún un. Ohun tí a kò sọ lọ́jọ́ náà ni a fẹ́ sọ lónìí, kí dídákẹ́ wa má baà di ẹ̀rí lé wa lórí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

OHUN TÍ ẸSÌN WA SỌ

Nínú Súrà Bákárà, áyà 168, Ọlọ́hun pe gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n máa jẹ nínú ohun tí ń bẹ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi májẹ̀mú méjì sí i: kí ó jẹ́ haláálì, kí ó sì jẹ́ ohun tí ó dára, tí ó mọ́. Májẹ̀mú àkọ́kọ́, a mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí ọmọ ilé kéú wa tí kò mọ̀ pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí jẹ́ haráámù. Bí a bá fẹ́ ra ẹran, a máa ń béèrè ẹni tí ó dú u. Ṣùgbọ́n májẹ̀mú kejì ńkọ́? Ta ni nínú wa tí ó ń béèrè pé, "Ohun tí mo fẹ́ jẹ yìí, ṣé ó dára fún ara mi?" Ṣúgà haláálì ni. Iyọ̀ haláálì ni. Kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ wọ́n di haráámù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ó sì ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ bí ẹni ń bu yanrìn, ó ti gba májẹ̀mú kan, ó ti ju ìkejì nù.

Nínú Súrà Aaráfù, áyà 31, Ọlọ́hun yọ̀ǹda jíjẹ àti mímu fún wa, ṣùgbọ́n ó kọ àṣejù, ó sì jẹ́ kí ó yé wa pé Òun kò fẹ́ràn àwọn aláṣejù. Nínú Súrà Bákárà bákan náà, áyà 195, ó kọ̀ fún wa kí a fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Àwọn baba wa náà sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ànọ́bì wa (SAW) fi òṣùwọ̀n lé wa lọ́wọ́. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, ó kọ́ wa pé kò sí ohun èlò tí ọmọ Ádámọ̀ lè kún tí ó burú ju ikùn rẹ̀ lọ. Òkèlè díẹ̀ tí yóò gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró ti tó o. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó pín ikùn sí mẹ́ta: ìdá kan fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Bí a bá lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran ka iwájú wa, mélòó nínú wa ni ó ń fi ìdá kan sílẹ̀ fún èémí? A ó jẹ títí a ó fi máa mí bí akọ màlúù, a ó wá sọ pé àlùbáríkà ni.

Bukhari sì gba ìtàn Salman àti Abu Darda wá. Ànọ́bì (SAW) ni ó sọ àwọn méjèèjì di ọmọ ìyá. Salman lọ kí Abu Darda, ó rí i pé ó ń gba àwẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń fi gbogbo òru kírun, kò ráyè fún ara rẹ̀, kò ráyè fún ìyàwó rẹ̀. Salman kọ̀ láti jẹun àfi bí Abu Darda bá bá òun jẹ. Ó ní kí ó sùn, ìgbà tí òru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni wọ́n jọ dìde kírun. Ó wá là á yé e pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ará ilé rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́, kí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ànọ́bì (SAW), ó ní òótọ́ ni Salman sọ. Ẹ wò ó: ìjọsìn ni Abu Darda ń ṣe, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀ a dá a dúró, nítorí pé ó ń jẹ ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

BÍ ÀWA ONÍṢÒWÒ ṢE Ń JẸUN

A jí, a kí ìrun Àsùbáà, a sáré lọ sí ọjà láìfi nǹkan kan kan ẹnu. Bí ebi bá pa wá ní aago mọ́kànlá, a ó rán ọmọ lọ ra búrẹ́dì àti mínírà tútù. Lẹ́yìn Àílà, mínírà kejì, nítorí oòrùn Kano. Oníbàárà dé láti ọ̀nà jíjìn, a fún un ní mínírà, a bá a mu ọ̀kan. Kí a tó ti ṣọ́ọ̀bù, kí a tó délé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá. Ìgbà náà ni ìyá àwọn ọmọ yóò gbé òkè ẹ̀bà kalẹ̀. A jẹ ẹ́ tán, a na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì. Ara tí kò rí nǹkan gidi jẹ ní gbogbo ọ̀sán, tí ó ń ṣiṣẹ́, ni a wá di ẹrù rù nígbà tí ó fẹ́ sinmi.

Àwa tí à ń kọ èyí, ṣúgà àti mínírà wà lára ọjà tí à ń tà. Nítorí náà a kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò. Mínírà tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ gíráámù 10 nínú mílílítà 100, bí ìgò rẹ̀ bá jẹ́ 35cl, gíráámù ṣúgà 35 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ju ṣíbí tíì mẹ́jọ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a ń fi sí oúnjẹ àti ohun mímu má ṣe kọjá nǹkan bí gíráámù 50 lóòjọ́ fún àgbàlagbà, bí ó bá sì jẹ́ 25 ni ó dára jù. Ẹni tí ó mu ìgò méjì ti kọjá ààlà kí ó tó fi ṣúgà sí kòkó rẹ̀ láàárọ̀. Bí ọmọ yín bá ní kí a ta ṣúgà síyẹn fún òun, a ó tà á. Ẹ̀yin tí ẹ rán an ni ẹ ó mọ iye tí ẹ ó bù sínú ife.

Iyọ̀ náà nìyẹn. Àjọ kan náà sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò yẹ kí ó tó gíráámù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan, mágì sì wà nínú ìṣirò náà, nítorí pé iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú mágì. Ìkòkò ọbẹ̀ tí a ju mágì mẹ́fà sí, tí a tún bu iyọ̀ sí, kí ni a ń wá? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Kì í dunni. Ènìyàn lè máa tajà, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó máa kírun ní sàfù àkọ́kọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ru fún ọdún márùn-ún, títí ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan yóò fi rọ, tí ẹnu yóò sì wọ́. A ó wá sọ pé wọ́n ta á lọ́fà ni, wọ́n ń ṣe ilara ọjà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí a tó wá ẹni tí ó ta ọfà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá ń tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ ń tó 90, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn.

OÚNJẸ RERE WÀ LỌ́DỌ̀ WA NÍBÍ

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Àáfà, oúnjẹ ti wọ́n, owó dà?" Òótọ́ ni, nǹkan le. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó mínírà méjì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ fi wé owó múdù ẹ̀wà kan. Inú ìlú tí ọkà pọ̀ sí ni Ọlọ́hun gbé wa sí. Ọjà Dawanau tí àwọn oníṣòwò ń ti òkèèrè wá ra ọkà, ìtòsí wa ni ó wà. Ọkà bàbà, jéró, àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀pà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Kura, oko tí wọ́n ń fi omi ìdídò bomi rin wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ àti tòmátì sì ń ti ibẹ̀ wọ ìlú.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ níbí ní kúká, èyí tí àwọn ará Ìlọrin àti Òkè-Ògùn ń pè ní lúrú. Wọ́n ní zogale, tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń fi kúlíkúlí pò. Wọ́n ní túwó ọkà bàbà, tí kò yàtọ̀ sí ọkà tí àwọn ìyá wa ń rò nígbà kan. Àwa wá ń fi imú ṣe fínnífínní sí i, a ní oúnjẹ Hausa ni, a ń wá búrẹ́dì funfun àti ìrẹsì. Ìrù tí ó ń mú ọbẹ̀ ta sánsán láìsí mágì púpọ̀, ó kún ọjà níbí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó yí padà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Láàárọ̀, kí a má jáde lófo. Ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, tàbí kúnnú jéró tí a kò bu ṣúgà jù sí pẹ̀lú àkàrà díẹ̀, yóò gbé ènìyàn dé ọ̀sán. Kí omi jẹ́ ohun mímu wa ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà náà kò ní bínú bí a bá fún un ní omi tútù. Kí oúnjẹ gidi jẹ́ ti ọ̀sán. Bí ó bá di dandan kí a jẹun lálẹ́, kí a jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú jù, kí ó kéré, kí ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju òkèlè lọ. Ẹni tí ó ń gbé ìtòsí mọ́sálásí, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí ìrun Ìṣáì. Ẹsẹ̀ tí a ń gbé lọ sí mọ́sálásí, láádá ni, oògùn ara sì ni.

ILÉ WA

Ẹ̀yin bàbá, a ní ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú yín. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹran mẹ́rin ni bàbá ń jẹ, àwọn ọmọ á máa fi omi ọbẹ̀ ra ọwọ́. Bí ọmọ bá béèrè ẹyin, a ó ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Irọ́ ni. Egungun ọmọ ni ó ń dàgbà, tiwa ti dàgbà tán. Ànọ́bì (SAW) jókòó ti àwo kan náà pẹ̀lú ọmọdékùnrin, Umar ọmọ Abu Salama, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ pé kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ, kí ó sì jẹ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ọmọ rẹ̀ jẹun, nígbà wo ni yóò kọ́ ọ? Ó sì tún kọ́ wa pé oúnjẹ ẹni méjì tó ẹni mẹ́ta, ti ẹni mẹ́ta tó ẹni mẹ́rin. Inú pípín ni àlùbáríkà wà.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọwọ́ yín ni ṣíbí wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín mágì kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dín in kù lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá ilé yóò ké. Ẹ yọ ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yọ òmíràn lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ahọ́n máa ń gbàgbé. Bàbá ilé, bí ọbẹ̀ kò bá sì dùn mọ́ ọ lẹ́nu, rántí pé Ànọ́bì (SAW) kò fi ẹnu tẹ́ oúnjẹ rí. Bí ó bá wù ú, á jẹ. Bí kò bá wù ú, á fi sílẹ̀.

ÀWẸ̀ ÀTI ALÁÌSÀN

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nínú Súrà Bákárà, áyà 184 àti 185, níbi tí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ kí a gbààwẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ó ti yọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò sílẹ̀, tí ó ní kí wọ́n san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ó sì sọ níbẹ̀ pé ìrọ̀rùn ni Òun ń fẹ́ fún wa, Òun kò fẹ́ ìnira. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó lè san án padà láéláé, kí ó bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mú tí ó ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀ náà ní ìyọ̀ǹda. Ẹni tí ó gba ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun kò ṣe ojo. Ẹ̀bùn ni Ọlọ́hun fún un, ó sì gbà á.

Gbogbo aláìsàn kọ́ ni kò lè gbààwẹ̀. Àwọn alátọ̀gbẹ kan wà tí dókítà yóò yí àsìkò oògùn wọn padà, tí wọn yóò sì gbà á láìléwu. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń lo oògùn lọ rí dókítà rẹ̀ ní oṣù kan tàbí méjì kí Rọ̀mọ̀dáànù tó dé, kì í ṣe ní ọjọ́ tí oṣù lé. Bí dókítà bá ní kí ó gbà á, kí ó máa yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò lójú àwẹ̀. Àwọn onímímọ̀ púpọ̀ ti ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a fi abẹ́rẹ́ gún láti orí ìka kì í ba àwẹ̀ jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀ ju 70 lọ, tàbí tí ó ti gòkè ju 300 lọ, tàbí tí ara ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bo ènìyàn, kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀. Kí ó má dúró de làdánì. Kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má sì fi ojú burúkú wò ó.

Fún àwa tí ara wa le, kí a má sọ ìṣínu di àsè. Súná Ànọ́bì (SAW) ni dàbínù, bí kò bá sí dàbínù, omi. Àwa a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mínírà, kí àkàrà, dùǹdú àti púfúpúfú tó tẹ̀ lé e, títí a kò fi ní lè tẹ̀ fún rúkúù nínú àṣámù. Kí a má sì fi sààrì sílẹ̀, àlùbáríkà wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa Àáfà, a bẹ̀ yín. Bí aláìsàn bá wá bá wa, ẹ jẹ́ kí a ṣe àádúà fún un, kí a sì sọ fún un pé kí ó má fi oògùn ọsibítù rẹ̀ sílẹ̀. Ànọ́bì (SAW) ni ó ní kí a wá ìwòsàn. Hántú mímu kò ní kí ènìyàn má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìsàn ni ó ṣeé wò, kò sí ẹni tí ó rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣeé wò yẹn, Ọlọ́hun yóò bi wá bí a kò bá wò ó.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àjò ni a wà. Àwọn òbí wa ń retí wa nílé, àwọn ọmọ wa ń wo ojú wa níbí. Àmáánà ni ara tí a fi ń ṣòwò, òun náà ni a fi ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ọ̀rẹ́ wa tí ó ṣubú ti ní kí a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kí ẹlòmíràn lè gbọ́n. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì ti forí jì wá. A ń tọrọ ti Ọlọ́hun.

Ọlọ́hun, fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn. Má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa pa ara wa. Fún wa ní oúnjẹ tí ó jẹ́ haláálì, tí ó sì dára, kí O sì fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi mọ ìgbà tí ó tó. Kí O mú wa padà sílé pẹ̀lú ayọ̀ nígbà tí àkókò bá tó. Kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá Ànọ́bì wa Muhammad.